Pọ́ìǹtì Màmá Mọ́pẹ́

Ẹni tó bá mọ Màmá Mọ́pẹ́ ní Mulhuddart ní Dublin, ó mọ káàdì rẹ̀. Káàdì ilé ìtajà ńlá kan ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó pọ́ìǹtì jọ fún oníbàárà nígbàkigbà tó bá rajà, tí pọ́ìǹtì náà bá sì ti pọ̀ tó, èèyàn lè fi dípò owó ọkọ̀ tó bá fẹ́ lọ lo holiday. Gbogbo ará àdúgbò ló ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ gírí ni Màmá Mọ́pẹ́ fi mú tirẹ̀. Tó bá tò síbi ìsanwó, á na ọrùn wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí onítọ̀hún ò bá yọ káàdì kankan, á rọra tọ́ ọ léjìká, á ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí pọ́ìǹtì yẹn ṣòfò, tèmi rèé. Òyìnbó á rẹ́rìn-ín, á ní kò burú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò tilẹ̀ retí kó tọrọ mọ́, wọ́n ti há nọ́ńbà káàdì náà sórí bí àkọ́sórí ọmọ Sunday school.

Ọdọọdún ló máa ń sọ pé holiday lòun ń kó wọn jọ fún. Kò lọ rí.

Ohun tó ń dá a dúró ò ṣàjèjì sí Mọ́pẹ́. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù òkun, ó sì ń bẹ̀rù aṣọ́bodè ju òkun lọ. Nígbà tó fi ọkọ̀ ojú omi wọ Dublin lọ́dún 2000, oyún Mọ́pẹ́ wà nínú rẹ̀, kò mọ ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú náà. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba fi í jókòó sórí àga onírin títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń bi í ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: kí lo wá ṣe? Láti ìgbà náà, wọ́n ti gbà á, wọ́n ti fún un níwèé, ó ti di ọmọ ilẹ̀ Ireland lójú òfin. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣínì, lẹ́yìn agolo mílíìkì. Kò tíì mú un jáde fún aṣọ́bodè kankan rí.

Ibi ìsanwó yẹn náà ni Mọ́pẹ́ ti pàdé Akọ́ládé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti ìyá rẹ̀ tò sẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé búrẹ́dì àti ẹyin dání. Màmá Mọ́pẹ́ tọ́ ọ léjìká gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbọ́ irú ohùn tó ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá tẹríba títí ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ lójú gbogbo òyìnbó, ó ní ẹ káàsán mà, ẹ fi sí i mà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà ló tún wà níwájú wọn. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, Mọ́pẹ́ rí i tó ń yẹ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n máa kọjá lọ síwájú, títí ó fi ku òun àti àwọn. Ọmọ ọlọ́mọ, torí búrẹ́dì kan. Màmá Mọ́pẹ́ ní tirẹ̀ ò fura, pọ́ìǹtì ló ń wò. Ó ní wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìkirun ni wọ́n ti bí Akọ́ládé. Ìwé ló wá kà ní Dublin, nígbà tó sì kà á tán, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn Mulhuddart. Mọ́pẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtaoògùn kan ní Coolock, apá kejì ìlú, nítorí náà inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti fẹ́ra jù. Ìlú yìí ni wọ́n bí Mọ́pẹ́ sí. Tó bá ń sọ Yorùbá, á máa já lẹ́nu rẹ̀, á sì fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin dí ojú ibi tó já. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Akọ́ládé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, á kàn dákẹ́, á dúró dè é títí á fi rí ọ̀rọ̀ tó ń wá. Ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, torí kò sí ohun tó dùn tó báyẹn tí ìyá rẹ̀ ò ní í yẹ̀ wò tinú tẹ̀yìn.

Nígbà tí Akọ́ládé sì wá sílé wọn tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pé òun fẹ́ fẹ́ Mọ́pẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Màmá Mọ́pẹ́ ní kó dìde. Ó bi í pé ta ni yóò wá tọrọ ọmọ fún un. Akọ́ládé ní bàbá òun ti kú. Ìyá òun wà ní Liverpool níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n físà tó ní kò kan Ireland, èyí tó sì béèrè fún, wọn ò fún un. Òun náà ò ní físà tí òun lè fi lọ bá a. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín àwọn, ó sì ti di ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ti fojú kanra. Ó ní àbúrò bàbá òun ní Ìkirun yóò pè wọ́n lórí fóònù.

Màmá Mọ́pẹ́ ní, "Fóònù? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. A kì í fi fóònù tọrọ ọmọ."

Ó fún un lóúnjẹ, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wá sọ fún Mọ́pẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò lè ṣeé ṣe.

Kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́. Òun náà ti fẹ́ ọkùnrin tí òun ò mọ ilé bàbá rẹ̀ rí. Ọkùnrin náà ní òun ò lẹ́nìkan láyé, Màmá Mọ́pẹ́ sì gbà á gbọ́. Ìgbà tí oyún ti wọ oṣù kẹfà ni ìyàwó ilé ọkùnrin náà wá kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí ní Agége, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ni bàbá Mọ́pẹ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá, ẹ̀yin náà ẹ má bá a wí.

Mọ́pẹ́ ìbá jà, bí kì í bá ṣe pé ẹ̀rù kan náà ti wà nínú òun fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Akọ́ládé bá pe ìyá rẹ̀, ohùn nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́. Ohùn náà dára, a máa ṣàdúrà, a máa pe Mọ́pẹ́ ní ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó jẹ́ kí àwọn rí ojú rẹ̀, á ní kò tíì dìrun, tàbí ibi tí òun wà ṣókùnkùn. Mọ́pẹ́ bi Akọ́ládé, ó ní ṣebí ilé rẹ̀ ló wà. Akọ́ládé ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé rẹ̀ ni, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lóru, Mọ́pẹ́ á máa ro ó. Obìnrin wo ni kì í fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun rí òun? Àbí kì í ṣe ìyá? Ó kórìíra ara rẹ̀ pé òun ń ronú bẹ́ẹ̀, kò sì lè dẹ́kun rẹ̀.

Aunty Màríàm ló di alárenà, ọ̀rẹ́ Màmá Mọ́pẹ́ tó ń gbé ní Huntstown. Obìnrin náà ní ẹnu dídùn, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí kíṣínì wọn lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní bí ìyá ọmọkùnrin ò bá lè wá, kí wọ́n lọ bá a. Màmá Mọ́pẹ́ fi ife tíì sílẹ̀.

"Kí èmi gbéra lọ bá wọn nígbà tí wọn ò tíì wá tọrọ ọmọ? Kí n gbé ọmọ mi kiri bí ẹni ń kiri ọjà?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ fún un lọ́mọ?" ni Aunty Màríàm wí. "Ẹ lọ lo holiday. Pọ́ìǹtì yín á gbé yín sọdá sí Wales, ẹ̀ẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Liverpool. Bí ẹni tó ń lo holiday bá gba iwájú ilé kan kọjá, tó kí onílé, ta ni yóò mú un? Kò kúkú ní jẹ́ owó yín lẹ ná lọ. Búrẹ́dì ọmọ yẹn gan-an wà nínú pọ́ìǹtì tẹ́ ẹ̀ ń ṣọ́ yẹn, àbí ẹ ti gbàgbé?"

Màmá Mọ́pẹ́ gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ń wo press tí pásípọ́ọ̀tù wà. Ó ní òun á lọ, bí Akọ́ládé ò bá ní í gbọ́. Ẹni tó ń lọ wádìí kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ó ní kí Mọ́pẹ́ búra, Mọ́pẹ́ sì búra. Àdírẹ́sì ò nira fún un, òun ló bá Akọ́ládé kọ ọ́ sára páálí ẹ̀lùbọ́ tó fi ránṣẹ́ ní Kérésì.

Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ, Mọ́pẹ́ àti Akọ́ládé dúró ní ibùdókọ̀. Ó sọ fún un pé òun àti Mummy ń lọ lo holiday díẹ̀, pọ́ìǹtì ni wọ́n fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Akọ́ládé rẹ́rìn-ín, ó ní níkẹyìn. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

"Wales."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ojú títì. "Ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì dé, Mọ́pẹ́ wọlé, ó sì kọjú sí gíláàsì apá kejì kó má bàa rí i pé òun ń sunkún. Bó bá gbọ́ pé wọ́n lọ yọ́ ìyá rẹ̀ wò bí olè, yóò fi òun sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì bá nǹkan mìíràn níbẹ̀, òun ni yóò fi í sílẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni kó gbàdúrà lé lórí, kò mọ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, Màmá Mọ́pẹ́ ò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó ń kọ́ ara rẹ̀ ní ohun tó máa sọ fún aṣọ́bodè. Holiday. I am on holiday. Ó ní kí Mọ́pẹ́ ṣe bí aṣọ́bodè kó bi òun. Mọ́pẹ́ ṣe é, ìyá náà dáhùn, ó tún ní kó bi òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mummy, it's grand, you're a citizen," ni Mọ́pẹ́ wí.

"Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó wo omi lójú wíńdò, ó yára gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ti ń dún nínú àwọn méjèèjì láti àárọ̀. "Tá a bá débẹ̀ tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ la bá ńkọ́?"

Mọ́pẹ́ na ọwọ́, òun náà di etí tábìlì mú.

Ní Holyhead, èbúté Wales, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n tẹ̀ lé èrò jáde, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Màmá Mọ́pẹ́ ṣì mú pásípọ́ọ̀tù náà lọ́wọ́ títí wọ́n fi dé Liverpool.

Ilé náà wà ní àdúgbò kan tó dákẹ́, ilé bíríkì pupa tó ní ọgbà kékeré níwájú. Ẹnì kan ti fi irin sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Màmá Mọ́pẹ́ tún kóòtù dúdú rẹ̀ ṣe, ó gbé báàgì sí apá, ó kan ilẹ̀kùn. Lára gíláàsì ilẹ̀kùn, wọ́n rí òjìji ẹnì kan tó ń bọ̀. Ó dúró. Ó padà.

Wọ́n tún kàn án. Kọ́tìnnì mì. Ohùn ọkùnrin kan dún láti inú, ó ń béèrè ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ìgbà tí Mọ́pẹ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn, ó sún sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ wò ó, Mọ́pẹ́ sì mọ ohun tó ń rò, pé ṣebí Akọ́ládé ní bàbá òun ti kú, torí ohun tí òun náà ń rò nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ẹ̀wọ̀n ṣì wà lórí rẹ̀. Obìnrin dúdú kan tó ti ń darúgbó ló yọjú, ó so épírọ́ọ̀nù, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó wo kóòtù dúdú, ó wo báàgì. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé wéréwéré pé gbogbo nǹkan wà létòlétò, pé bàbá ti jẹun, ó ti lo oògùn, òun ò gba ẹnikẹ́ni sílé, òun ò ya fọ́tò kankan. Ọwọ́ tó fi di ilẹ̀kùn mú ń gbọ̀n débi pé ẹ̀wọ̀n náà ń dún.

Ó rò pé àwọn agẹ́ńtì tó gbà á síṣẹ́ ló rán wọn wá yẹ òun wò. Mọ́pẹ́ dá ohùn náà mọ̀. Ohùn àdúrà ni, ohùn ìyàwó mi. Ìyá Akọ́ládé ni, kì í sì í ṣe ilé rẹ̀. Ilé ọ̀gbẹ́ni arúgbó kan tó ń tọ́jú ni, inú rẹ̀ ló ń sùn, inú rẹ̀ ló ń jí.

Mọ́pẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Màmá Mọ́pẹ́ ń wo ẹ̀wọ̀n tó ń dún náà. Ó ti ń to ìbéèrè sílẹ̀ láti Dublin: ṣé wèrè wà nídìílé yín, ṣé àrùn kan wà, ṣé ọmọ yín ti níyàwó rí. Kò bi í ní ọ̀kankan.

"Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí ní Yorùbá. "A kì í ṣe ti agẹ́ńtì, a kì í ṣe ti ìjọba. Holiday la wá." Ó mí. "Orúkọ ọmọ mi yìí ni Mọ́pẹ́."

Obìnrin náà yíjú sí Mọ́pẹ́. "Mọ́pẹ́ ti Akọ́ládé?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé láti yọ ẹ̀wọ̀n, ó sì ṣí i gbayawu. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyá ìyàwó, bí ẹni tó ń tọrọ ọmọ ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n Màmá Mọ́pẹ́ gbá a mú lápá, ó ní kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà onílé. Ìyá Akọ́ládé ké sínú ilé pé àlejò láti Dublin ni. Láti inú yàrá, ọ̀gbẹ́ni arúgbó náà, Michael lorúkọ rẹ̀, ń pariwo pé bí wọ́n bá wá láti Dublin, kí wọ́n wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá òun sí, ilé òun sì ni.

Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Akọ́ládé ní òun ò gbọdọ̀ gbàlejò, òun ò gbọdọ̀ tan kámẹ́rà nínú ilé onílé, ìyẹn ni wọn ò fi rí ojú òun rí. Iṣẹ́ náà ló gbé físà òun dúró, bí iṣẹ́ bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ó ń sọ ọ́, ó ń wo ojú títì lójú wíńdò. Mọ́pẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo títì. Ó wá yé e pé kíkàn tí àwọn kan ilẹ̀kùn yẹn lè ba ayé obìnrin yìí jẹ́, ẹ̀rù sì bà á ju ti ìṣáájú lọ.

Michael fẹ́ mu tíì. Ìyá Akọ́ládé bu tíì náà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá ó gbóná jù. Ó kọ́kọ́ sọ fún bàbá náà pé òun fẹ́ gbé e lórí sókè, kó tó fọwọ́ kàn án. Ó nu ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè. Ó ti pẹ́ tí Màmá Mọ́pẹ́ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní ilé àwọn arúgbó ní Dublin, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe é bí ẹnikẹ́ni ò bá wò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, ó ń wò ó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í nígbẹ̀yìn, bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ dáadáa.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ìyá Akọ́ládé bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà náà. Ó mú ọwọ́ Mọ́pẹ́ sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọwọ́ yìí lọ́mọ mi máa ń dì mú?"

"Ẹ̀ẹ́n, Mà."

"Jẹ́ n dì í mú díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan ohun tó kàn án lára."

Mọ́pẹ́ ò fa ọwọ́ náà. Ó dúró títí obìnrin náà fi jọ̀wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà bọ̀, Mọ́pẹ́ pe Akọ́ládé, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti parí. Nígbà tí Akọ́ládé máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé ó ti rù?" ló béèrè. "Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi."

"Kò rù," ni Mọ́pẹ́ wí. "Ara rẹ̀ le."

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀ nípa irọ́ náà, torí Akọ́ládé ti sọ fún un pé ilé ìyá òun ni, ẹnu rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Màmá Mọ́pẹ́ ń wo òkun báyìí, kò gbé ojú kúrò.

"Irọ́ tí ọkùnrin pa láti bo ìyàwó mọ́lẹ̀, mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Irọ́ tọ́mọ pa láti bo ìyá ẹ̀ láṣìírí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kó má tún pa á mọ́ ṣá."

Ní èbúté Dublin, wọ́n tò. Aṣọ́bodè wà nínú ilé gíláàsì kékeré kan, ọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba. Bí ìlà ṣe ń sún ni èjìká Màmá Mọ́pẹ́ ń sún mọ́ ara wọn, Mọ́pẹ́ sì rí i pé ètè rẹ̀ tún ti ń mì, ó tún ń kọ́ ara rẹ̀. Ó na pásípọ́ọ̀tù náà sí i. Ọkùnrin náà ṣí i, ó wo àwọn ojú ewé rẹ̀ tó mọ́ roro, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá holiday ló lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ ara rẹ̀ náà rèé, ọkùnrin náà ló gbé e lé e lọ́wọ́. Mọ́pẹ́ ti fẹ́ dáhùn fún un kó lè kọjá.

"No," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gbé orí sókè. "I went to see my in-laws."

"Grand," ni ọkùnrin náà wí, ó sì dá pásípọ́ọ̀tù padà. Màmá Mọ́pẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ń retí ìbéèrè tó kù. Kò sí òmíràn.